Ẹ Má Fi Máàkì JAMB Wọn Orí Yín

Ẹ̀yin ọmọ wa,

Ọ̀rọ̀ JAMB ni mo bá wá, nítorí àyà mi ń já. Nígbà tí èsì ọdún 2025 jáde, ọmọ kan tí kò tíì pé ogún ọdún rí i pé máàkì òun kéré, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, sunkún níwájú àwọn oníròyìn: àṣìṣe ti wọ ètò kọ̀ǹpútà wọn ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kó wá tún ìdánwò náà ṣe. Nọ́ńbà tí ọmọ fi ń ro ikú, ẹ̀rọ lè ṣì í kọ.

Ká tilẹ̀ ní kò ṣì í. Kí ló wà nínú rẹ̀? Ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì: 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó kù. Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ló kan ìbéèrè kan. Ọmọ tó mọ Físíìsì tó fi jókòó ti ìṣirò kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún ti jẹ àkókò ìbéèrè méje àbọ̀. Ẹ fo èyí tó bá le, ẹ padà sí i tó bá yá. Ẹ sì jẹ́ kí bọ́tìnnì mọ́ yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó débẹ̀: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn, bí ọmọ bá ti gba 200 tí wọ́n ń béèrè, wọn a fi 8 pín máàkì JAMB, wọn a fi 2 pín ti Post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, wọn a ro ó pọ̀. 280 di 35. 240 di 30. Ogójì máàkì tí wọ́n torí ẹ̀ bú ọmọ nílé, márùn-ún péré ni. Bí ẹni 240 bá fi mẹ́wàá ju ẹni 280 lọ ní Post-UTME, ó ti bá a dọ́gba.

Ẹ̀yin òbí, ó tó gẹ́ẹ́! Kí lẹ ń bi aládùúgbò pé "Èló lọmọ tiyín gbà?" sí? Ọmọ tí kò lè wo ẹ̀jẹ̀, ẹ ní dandan ni kó ṣe dókítà. Ẹlòmíràn a sanwó síbi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn WAEC sójú pátákó fún ọmọ. Tó bá wá dá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà JAMB, gbogbo rẹ̀ a dàrú mọ́ ọn lójú. Ẹ̀yin náà lẹ tún máa lù ú.

Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1955, ohun tí àgbẹ̀ ń fẹ́ ni ọmọ tó lè ka lẹ́tà fún un, tó sì lè ṣírò owó kòkó kí wọ́n má baà rẹ́ ẹ jẹ nídìí òṣùwọ̀n. Ta ló béèrè máàkì lọ́wọ́ ọmọ yẹn?

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi "ikú yá ju ẹ̀sín" kọ́ yín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀sín wo ló wà nínú 150? Ọ̀nà kan ò wọjà. ND, ìwé ẹ̀rí ọdún méjì ní póli, NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ọlọ́dún mẹ́ta: bí èsì rẹ̀ bá dára, Direct Entry a gbé yín wọ ọdún kejì yunifásítì láìṣe ìbéèrè 180 yẹn. JUPEB àti IJMB náà wà, ètò ọlọ́dún kan tó ń gba ọ̀nà Direct Entry kan náà. Máàkì JAMB kì í kọjá ọdún kan. Èsì WAEC yín ò ní gbèdéke.

Lọ́jọ́ tí èsì bá jáde, ẹ má dá nìkan wò ó. Bí máàkì sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan bá jìnnà pátápátá sí bẹ́ ẹ ṣe ṣe é, ẹ fẹjọ́ sun JAMB. Ariwo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló mú kí wọ́n yẹ ti 2025 wò. Bí ọkàn bá sì ń sọ̀rọ̀ ikú sí yín létí, ẹ jí ìyá yín, tàbí tíṣà, tàbí pásítọ̀, tàbí àáfà, bó ṣe òru. Ẹni tí ọmọ bá jí, kó má béèrè máàkì. Kó má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Tílẹ̀ bá mọ́, kó mú un lọ rí dókítà ní ọsibítù, kẹ́nikẹ́ni tó dárúkọ fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀.