Àkànní, ọ̀rọ̀ fílítà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù

Ṣakí,
Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọyẹ́ tiwa mú gan-an lọ́dún yìí, kò sẹ́ni tí ètè rẹ̀ ò ya. Màmá wà lálàáfíà. Àwọn Ìbejì ti wọ ilé-ìwé girama. A ti sin Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ẹran pọ̀ níbẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìṣẹ́jú méje gbáko lórí fílítà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì! Ìyá Ìbejì ń bi mí bóyá ìwàásù ni. O ní o fẹ́ fi fílítà tó ṣeé fọ̀ ránṣẹ́ fún Canter, ọkọ̀ akẹ́rù wa, irú èyí tó wà nínú píkọ́ọ̀pù rẹ, pé ọdún márùn-ún rèé tí o ò ti ra òmíràn. Ǹ bá dá ọ lóhùn lórí fóònù, àmọ́ mo mọ̀ pé tí mo bá la ẹnu, n ó dé ibi tí mi ò fẹ́ dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá fílítà rẹ jà ná.

K&N tó ṣe fílítà tí o ń lò kì í ṣe ọmọ àná, láti 1969 ni wọ́n ti wà ní California. Òwú ni wọ́n tẹ́ léra wọn, tí wọ́n fi wáyà há, tí wọ́n wá fi epo pa kí eruku lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣé kò rán ọ létí ọkọ̀ Bedford Bàbá? Abọ́ epo tó wà nídìí fílítà rẹ̀, tí wọ́n á ní kí àwa méjèèjì fi kẹrosíìnì fọ̀, tí ìwọ á sá lọ gbá bọ́ọ̀lù, tí èmi á máa rùn bí àtùpà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Má pè é ní nǹkan tuntun fún mi o.

Wọ́n ní lójú ọ̀nà ọlọ́dà, ó lè rin 50,000 máìlì kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Ìyẹn ju 80,000 kìlómítà lọ. Ọ̀dà wo, Àkànní? Láti Ìgànná wọ inú oko gbágùúdá, tí típà kan bá ti ṣáájú wa, mi ò ní rí imú ọkọ̀ tèmi gan-an. Fífọ̀ la ó máa fọ̀ ọ́ ṣáá. Omi la ó fi ṣàn án láti inú bọ̀ síta, a ó gbé e síbi òjìji títí yóò fi gbẹ, a ò gbọdọ̀ fi afẹ́fẹ́ fọkanáísà fẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà la ó tún fi epo pa á. Ọkọ̀ ò ní rìn lọ́jọ́ náà nìyẹn, àwọn oníbàárà wa ní Bódìjà ò sì ní dúró dè wá. Bí epo inú ìgò rẹ̀ bá wá tán ńkọ́? O mọ àwọn ọmọ ọkọ̀ wa. Epo pupa ni wọn á dà sí i, wọn á fi iyọ̀ sí i.

Ohun tí mi ò gbà jù nínú ẹ̀ ni pé ojú òwú fẹ̀ ju ojú bébà lọ. Afẹ́fẹ́ ń rọ́nà wọlé dáadáa, mo gbà, àmọ́ eruku kíkúnná náà ń rọ́nà. Bébà tó dára, tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ akẹ́rù, nínú 100 gíráàmù eruku, èyí tó máa yọ́ kọjá kì í tó gíráàmù kan. Eruku ọyẹ́ yìí sì kúnná bí ẹ̀lúbọ́ tí wọ́n jọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwọ náà, máa ṣọ́ epo tí o ń pa sí tìẹ. Tó bá pọ̀ jù, yóò lọ lẹ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́. Canter wa ò ní sẹ́ńsọ̀ kankan, orí ló fi ń rìn.

Ó dáa. Ibi tí mi ò fẹ́ dé la dé yìí.

Lóṣù kọkànlá, fílítà bébà wa dí. Mo fún àwọn ọmọ ọkọ̀ lówó pé kí wọ́n ra tuntun. Wọn ò rà á. Fọkanáísà ni wọ́n gbé ti àtijọ́ lọ bá, ó ki ẹnu rọ́bà afẹ́fẹ́ bọ inú rẹ̀, ó fẹ́ ẹ títí ó fi mọ́ bí aṣọ ọdún. Owó fílítà, wọ́n fi jẹun. Oṣù kan ààbọ̀ kọjá, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì, kì í fẹ́ jí láàárọ̀, èéfín rẹ̀ ń lé ewúrẹ́ àdúgbò. Mẹkáníìkì tú rọ́bà tó so fílítà mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó fi ìka nu inú rẹ̀, ìka náà pupa bíi pé ó fi kan osùn. Kò sọ̀rọ̀. Ó gba fóònù mi, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú fílítà. Àkànní, mo rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo ka ihò tí afẹ́fẹ́ fọkanáísà lu sára bébà náà, mọ́kànlá ni.

Eruku yẹn ti pò mọ́ ọ́ìlì, ó ti pọ́n ríǹgì inú ẹ́ńjìnnì bí ẹni pọ́n ọ̀bẹ. A ti gbé ẹ́ńjìnnì sọ̀. Mo yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mi ò ní kí o dá sí i. Àmọ́ ìdajì ọkọ̀ náà tìẹ ni, o sì ti ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí owó oṣù méjì ò wọlé. Òun nìyẹn.

Ìwọ náà á ti mọ ẹni tó gbé fílítà lọ. Àrẹ̀mú ni, àbúrò rẹ. Láti ọjọ́ tọ́ọ̀ṣì yẹn, kò sùn sílé mọ́. Mo gbọ́ pé ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń bá wọn ru bulọ́ọ̀kù. Màmá rò pé èmi ni mo rán an níṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti ń parọ́ fún wọn, irọ́ náà sì ti ń tán lẹ́nu mi.

Jọ̀ọ́, pè é. Fóònù rẹ̀ ń lọ, tèmi ni kì í gbé. Má fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀, bi í bóyá ó ti jẹun. Ṣé o rántí ohun tí àwa méjèèjì dà sínú abọ́ epo Bedford lọ́jọ́ ọjọ́sí? Bàbá lọ sọ́run láìmọ̀.

Má fi fílítà fífọ̀ ránṣẹ́. Bí ẹnì kan bá ń bọ̀, bá mi ra bébà ojúlówó méjì, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn lẹ́tà yìí. Èyí tí mo rà níbí kẹ́yìn, rọ́bà ẹnu rẹ̀ ò jókòó, eruku ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì á jí lọ́jọ́ Ẹtì. Mi ò tíì wá dírẹ́bà mìíràn. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ṣì wà níbi tí Àrẹ̀mú máa ń gbé e kọ́ sí.

Èmi ni,
Àyìndé