Ẹ bi oníbàárà léèrè kí ẹ tó bu asofẹ́yẹjẹ fún un

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ àgbo ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń tà káàkiri Ìkòròdú ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, pàápàá èyí tí wọ́n fi egbò asofẹ́yẹjẹ ṣe. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹlẹ́wé ọmọ sì ni ìyá tó bí mi, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo wá bú ìṣègùn ìbílẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ kan tí kì í kúrò lẹ́nu àwọn alágbo wa: "Ewé àti egbò lásán ni, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan." Bó bá jẹ́ efinrin ni, n ò ní bá wọn jà. Èèpo egbò asofẹ́yẹjẹ ní reserpine nínú, oògùn tí àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ lára ẹbí rẹ̀ tó wà ní Íńdíà lọ́dún 1952, tí àwọn dókítà sì ń fi wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọpọlọ nígbà náà. Àwọn baba wa ti ń fi tiwa wo wèrè ní tiwọn. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà, kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1960. Ó ń ṣiṣẹ́, ká má parọ́.

Iṣẹ́ tó ń ṣe náà ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn kẹ́míkà tí iṣan ìmọ̀lára fi ń ránṣẹ́ síra wọn, bíi noradrenaline, serotonin àti dopamine, ni kì í jẹ́ kí ara rí kó pamọ́. Bí wọ́n bá ti ń tán, òpó ẹ̀jẹ̀ á dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀. Ibẹ̀ náà ni oorun àsùnjù, imú dídí àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń gbà wọlé. Kì í sì í ṣiṣẹ́ kíá. Ẹni tó mu ún lónìí tí kò rí nǹkan kan á bù sí i lọ́la, bẹ́ẹ̀ èyí tó kọ́kọ́ mu kò tí ì kúrò lára.

Hóró oògùn reserpine kì í sábà ju 0.25 mílígíráàmù lọ lójúmọ́. Mélòó ló wà nínú ọmọrí ìgò kan? Lọ́jà Ṣábọ̀, mo dúró wo ìyá kan tó ń fi ọ̀bẹ ha èèpo egbò náà sínú ike míńrà, ó da ògógóró lé e (ọtí tún ń kún oorun rẹ̀ ni o), kò sì bi oníbàárà ju "Ńlá ni àbí kékeré?" lọ. Páálí amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti ilé ìwòsàn, ń yọjú nínú báàgì oníbàárà ọ̀hún. Oògùn méjì tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, lára ẹnì kan ṣoṣo!

Kí alágbo máa béèrè oògùn tí èèyàn ń lò, bóyá ó lóyún tàbí ó ń fọ́mọ lọ́mú, bóyá ó ní ọgbẹ́ inú, bóyá ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì rí. Kí wọ́n kọ asofẹ́yẹjẹ sára ike. Ìgbìmọ̀ Ìṣègùn Ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó lè bá àwọn ìyálọ́jà wa sọ ọ́. Kí ẹni tó bá sì ti ń mu ún sọ fún dókítà rẹ̀, kó má kàn dá oògùn ilé ìwòsàn dúró.

Ní tiyín, Olóòtú, ẹ bá wa tẹ àwòrán igi náà sínú ìwé ìròyìn: ewé mẹ́ta sí márùn-ún tó yí ẹ̀ka po lójú kan, oje funfun, èso pupa wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ tó ń mu ún kò rí i rí.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkòròdú.