Ìkéde fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Fíìmù Wa Tí Wọ́n Ń Jí Pín

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèré ní Ìjẹ̀bú-Òde, a kí yín o.

Láti ìpàdé tó kọjá ni àríyànjiyàn kan kò ti tán: ṣé àwọn tó ń jí iṣẹ́ wa pín ń pa wá lára ni, àbí wọ́n ń bá wa polówó? Àwọn olórin àárín wa ní kò séwu. Òótọ́ ni, lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹni tó gbọ́ fújì lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù lè pe olórin sóde lọ́la, kí wọ́n sì ná an lówó dáadáa (ẹ̀yin náà kúkú mọ òde Ìjẹ̀bú). Ta ló máa ná fíìmù lówó? Owó tí a fi háyà kámẹ́rà, tí a fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀, orí títà nìkan ló ti ń padà. Bí ẹni tó gbé kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bá ti ń dà á sí mẹ́mọ́rì káàdì fún aráyé, ó parí nìyẹn.

Èyí tó dùn wá jù ni pé inú WhatsApp ẹgbẹ́ yìí gan-an la ti rí línkì Telegram fíìmù ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó fi síbẹ̀, kó pa á rẹ́ lónìí.

Òfin kópíráìtì ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, gba ẹni tó ni iṣẹ́ láàyè láti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n yọ ọ́. Ẹni tọ́rọ̀ kàn, kó kó ẹ̀rí wá bá mi ṣáájú ìpàdé ọjọ́ Àìkú, ká jọ kọ ọ́. Owó ẹgbẹ́ náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn.

Akọ̀wé ẹgbẹ́