IELTS: Ibi tí máàkì ti ń bọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi èyí tó àwọn nọ́ọ̀sì tó ń múra ìdánwò IELTS, ìyẹn ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, létí. Àjọ NMC, tó ń forúkọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, ń béèrè 6.5 nínú ìwé kíkọ àti 7 nínú ọ̀rọ̀ sísọ.

Wákàtí kan ni ìwé kíkọ, iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ìkejì, tí kò gbọdọ̀ dín ní 250 ọ̀rọ̀, ní ìlọ́po méjì máàkì àkọ́kọ́. Ẹ má lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ lórí àkọ́kọ́. Bí ìbéèrè bá ní kí ẹ sọ ohun tó fa ìṣòro àti ojútùú rẹ̀, ẹni tó sọ ohun tó fà á nìkan ti pàdánù máàkì. Àròkọ àkọ́sórí tí àwọn kan ń tà burú jù lọ. Ẹni tó ń máàkì á dá a mọ̀, torí kì í bá ìbéèrè mu.

Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ má fa ohùn bí òyìnbó. Kò sí ẹni tó máa yọ máàkì nítorí ohùn Yorùbá, bí ọ̀rọ̀ bá ti yéni. Dídákẹ́ lẹ́yìn gbólóhùn mẹ́ta ló léwu, nígbà tí wọ́n fún yín ní ìṣẹ́jú méjì láti sọ̀rọ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìmúra kọ kókó mẹ́rin péré. Nílé, ẹ gba ohùn yín sórí fóònù, kí ẹ wá ibi tí ẹ ti gbé -ed àti -s ìparí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mì. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí ìparí rẹ̀ padà nítorí àná, ìdí nìyẹn tó fi ń bọ́ lẹ́nu wa.

Àwa olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì,
Ìbàdàn.