Ọ̀gá jápa, oyè dìjà láàárín àwa onípankẹ́rẹ́ Ìlọrin

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, mi ò lè sọ ọ́ nínú gúrúùpù WhatsApp wa mọ́ torí gúrúùpù ọ̀hún ti di méjì, wọ́n ti yọ mí kúrò nínú ọ̀kan, nínú ìkejì admin nìkan ló lè sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Tánkẹ̀ ni mò ń gbé níbí ní Ìlọrin. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, torí ẹ̀ kẹ́nì kankan má bi mí pé kí ni mò ń wá nídìí ìjà. Ó ń lọ sọ́dún márùn-ún báyìí tí mo ti ń kọ́ ìjà ọ̀pá àwọn ará Fílípíìnì, arnis ni wọ́n ń pè é, àwọn míì ń pè é ní eskrima tàbí kali. Ọ̀pá rattan tí gígùn ẹ̀ tó íńṣì 28 la fi ń ṣe é, ẹ má sì wò ó bí ohun àjèjì, pankẹ́rẹ́ náà ni, pankẹ́rẹ́ tí tíṣà fi kọ́ yín lọ́gbọ́n ní pámárì, tiwa kàn ki ju ìyẹn lọ ni. Àwọn ọmọ àdúgbò tó ń rí wa ní pápá láràárọ̀ Sátidé máa ń kí wa pé "ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ kú iṣẹ́ o". Wọn ò kúkú parọ́, ọ̀pá ló wà lọ́wọ́ wa.

Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín rèé. Ọ̀gá tó kó wa jọ jápa lọ́dún tó kọjá, Ọlọ́run á jẹ́ kó rí ṣe níbẹ̀. Kó tó lọ, ó pe ọ̀kan nínú àwọn tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, ó ní "ìwọ ni kó o máa bójú tó wọn o", nígbà tó wá dé pápákọ̀ òfuurufú ó tún fi voice note ránṣẹ́ sẹ́nì kejì pé "ìwọ ni kó o máa kọ́ wọn". Nínú ẹni tó ń bójú tóni àti ẹni tó ń kọ́ni, ta wá lọ̀gá? Ọ̀gá ò sọ, àwa náà ò bi í, fọ́tò ìdágbére la ń yà kiri.

Ẹni àkọ́kọ́ yẹn ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, àmọ́ òun ló kọ́kọ́ wọlé nínú gbogbo wa, àtìgbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì ló ti ń tẹ̀ lé ọ̀gá. Ẹnì kejì ti lé lógójì, ó níyàwó ó bímọ, ọdún mẹ́ta gbáko lẹ́yìn kékeré yẹn ló tó dé. Orí ìkíni nìjà ti bẹ̀rẹ̀. Tá a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, a máa ń tò sílà, a ó gbé ọ̀pá sáyà, a ó tẹrí ba fẹ́ni tó fẹ́ kọ́ wa. Lọ́jọ́ kan kékeré ní kí bàbá ọlọ́mọ wá tò sílà kó tẹrí ba bíi tàwọn tó kù, níwájú àwọn ọmọ kéékèèké. Bàbá ní kàkà bẹ́ẹ̀, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí mi, ṣé ìwọ ò nílé ẹ̀kọ́ ni? Kékeré dáhùn pé ní pápá kò sí bàbá, bẹ́líìtì ló wà, ìyẹn ìgbànú tí àwọ̀ ẹ̀ ń fi ipò oníjà hàn. Háà! Ní Ìlọrin yìí? Kò sẹ́ni tó ju ọ̀pá mọ́ lọ́jọ́ yẹn, kálukú mú báàgì ẹ̀ ó bá tiẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ "kò sí bàbá" yẹn ló dùn mí jù, torí àwọn tó ni ìjà yìí gan-an ò fi ọ̀wọ̀ àgbà ṣeré. Ní Fílípíìnì, ọmọdé tó bá fẹ́ kí àgbà á gba ọwọ́ àgbà yẹn, á tẹ̀ síwájú díẹ̀, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ náà kan iwájú orí ara ẹ̀, mano ni wọ́n ń pè é. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ bíńtín kan, "po", tí wọ́n máa ń fi há àárín ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, bí àwa náà ṣe ń sọ "ẹ" fún àgbà tá a sì ń sọ "o" fún ẹgbẹ́ wa. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ń jẹ́ kuya, ẹ̀gbọ́n obìnrin ń jẹ́ ate, wọn ò kàn ń la orúkọ mọ́ ẹ̀gbọ́n lórí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí mo ní àfi bíi pé àwọn èèyàn yìí ti gba Ọjà Ọba kọjá rí.

Bẹ́líìtì tí wọ́n sì ń tìtorí ẹ̀ bú ara wọn yẹn, kì í ṣe ti Fílípíìnì rárá níbẹ̀rẹ̀, Japan ló ti wá, látọwọ́ Kano Jigoro tó dá judo sílẹ̀ ní 1882. Àwọn bàbá eskrima àtijọ́, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ wọn àti ọmọ ará ilé, kò sí sáátífíkéètì kò sí bẹ́líìtì, tó o bá mọ̀ ọ́n ọ̀pá á sọ ọ́. Remy Presas, tó dá Modern Arnis tá à ń kọ́ yìí sílẹ̀, wà lára àwọn tó gbé bẹ́líìtì wọ̀ ọ́, ó fẹ́ kó ṣeé kọ́ nílé ìwé. Ọkùnrin tó bá gba bẹ́líìtì dúdú di lakan, obìnrin di lakambini, tíṣà ń jẹ́ guro. Òun náà ló ní ká máa na ọ̀pá dípò ọwọ́ tá a bá ń kọ́ra, torí láyé àwọn bàbá ẹ̀ ọwọ́ gan-an ni wọ́n ń nà, wọ́n ní ọ̀pá ní ọ̀wọ̀ tiẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ lù ú. (Ká ní kò yí ìyẹn padà ni, èmi ì bá má rí ìka tí mo fi ń tẹ lẹ́tà yìí.)

Àmọ́ ọ̀gbẹ́ni Presas yìí kan náà fi ìjà sílẹ̀. Ó fún àwọn ọmọ ẹ̀ kan ní oyè datu, ìyẹn bíi baálẹ̀ tàbí olóyè nílẹ̀ wọn kí òyìnbó Spéènì tó dé, ó tún fi oyè míì dá àwọn míì lọ́lá, kò wá sí èyí tó ga ju èyí lọ tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí. Ó kú sí Kánádà lóṣù kẹjọ ọdún 2001. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ pín, tibí dá tiẹ̀ sílẹ̀, tọ̀hún dá tiẹ̀, ọmọ bíbí inú ẹ̀ náà ń kọ́ni lọ́tọ̀, kálukú ń sọ pé èmi ni ọ̀gá fi síyẹn, èmi ni ọ̀gá fi sọ́hùn-ún. Wọn ò parọ́ o! Ibi tọ́rọ̀ ti le nìyẹn, ọ̀gá fún wọn ní nǹkan lóòótọ́, bó ṣe fún àwọn méjèèjì tiwa náà. Ìjà tí irọ́ bá dá sílẹ̀ rọrùn láti parí, tú onírọ́ fó ó tán. Èyí tí òótọ́ méjì bá ń bára wọn jà, ta lẹ máa dá lẹ́bi?

Kí n sì tó kúrò níbẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ lórí Presas. Ní ìlú Cebu ní Fílípíìnì, wọ́n dá ẹgbẹ́ Doce Pares sílẹ̀ ní 1932 kí àwọn ọ̀gá eskrima lè wà lábẹ́ òrùlé kan, ọ̀kan nínú àwọn tó bá wọn dá a sílẹ̀, Venancio Bacon, ló tún jáde ní 1952 tó lọ dá ẹgbẹ́ Balintawak sílẹ̀, orúkọ òpópónà tí wọ́n ti ń kọ́ra ni wọ́n sì fi pè é. Ọmọ ibí ọmọ ọ̀hún ń wá ara wọn níjà fọ́dún gbọọrọ. Ní 2009 ìjọba wọn wá ṣòfin, Republic Act 9850, pé arnis ni eré ìjà orílẹ̀-èdè. Òfin fi adé sórí eré, kò fi sórí ẹnì kan.

Ká padà sílé. Bàbá ọlọ́mọ lọ sanwó fáwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí i, ó lọ tẹ flex bánnà ńlá, ó kọ "Grandmaster" sí i, ó gbé e kọ́ géètì pápá. Ogún èèyàn o, tá a bá yọ àwọn tó ń wá torí kí wọ́n lè dín sísanra kù, ká sọ pé méjìlá. Grandmaster èèyàn méjìlá. Kékeré náà ò gbà, Sátidé tó tẹ̀ lé e ó so bẹ́líìtì pupa, tàwọn ọ̀gá àgbà, mọ́dìí, mi ò mọ ẹni tó fún un, mi ò sì bi í.

Ojú tèmi lẹ máa fi wò ó: kékeré ló yẹ kó máa darí, kí bàbá má bínú sí mi. A ò ní láti lọ kọ́ èyí ní Fílípíìnì. Ìyàwó tó bá wọ agboolé, ọmọ ọdún márùn-ún tó bá nílé, ọkọ ẹ̀ ni, orúkọ àpọ́nlé ló máa fi pè é. Àwọn ìyá wa ti gbé e báyìí tipẹ́ láìsí bẹ́líìtì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ló ṣáájú. Àmọ́ ẹ rántí pé ọmọ tí wọ́n ń pè lọ́kọ yẹn náà á kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí ìyàwó yẹn láàárọ̀, torí ó mọ̀ pé ó bí òun lọ́jọ́ orí. Méjèèjì ń lọ pa pọ̀ nínú agboolé kan náà. Kí kékeré dọ̀bálẹ̀ kí bàbá nígbà tí wọ́n bá pàdé ní géètì, tí wọ́n bá wá tò sílà kí bàbá gbé ọ̀pá sáyà fún un, kí ló wà níbẹ̀?

Ọ̀gá wa tó wà lókè òkun, mo mọ̀ pé wọ́n á fi èyí ránṣẹ́ sí yín. Voice note kan ṣoṣo la fẹ́ sà, kẹ́ ẹ fi sínú gúrúùpù méjèèjì, kẹ́ ẹ dárúkọ ẹnì kan, kẹ́ ẹ sọ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ àti iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ẹ má fi sínú inbox ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ kàráté àti taekwondo tẹ́ ẹ wà ní Kwara yìí náà, tí físà yín bá ti ń sún mọ́lé, ẹ pe àwọn ọmọ yín jọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀pá. Ọ̀pá mẹ́rìnlélógún la fi owó dúùsì wa rà, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì báyìí, ó ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í pa. Àwọn ọmọ kéékèèké mẹ́fà ló wá lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n fẹ́ ṣe sinawali, èyí tá a fi ń yí ọ̀pá méjì wọnú ara wọn bí ìgbà tí wọ́n ń hun òfì. Igi mọ́ọ̀pù ni wọ́n fi ṣe é.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ọ̀fà kan ní Tánkẹ̀, Ìlọrin