Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kú mọ́ àwọn àgbà wa lọ́wọ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú irin tó ti Kútọnu gba Sábẹ wa kọjá dé Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin níbí, kìlómítà 438 ni, ọdún 1936 ló dé Parakou, àwọn bàbá wa sì wà lára àwọn tó ń tún un ṣe, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń jó irin pọ̀, wọ́n mọ ti bíréèkì, irin tó bá tẹ̀ díẹ̀ báyìí wọ́n á ti rí i kí ọkọ̀ tó dé. Ní báyìí tírélà ló kún títì tó lọ sí Niger, àwọn mẹkáníìkì wa ló ń tún wọn ṣe, ọwọ́ wọn dá múṣé! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún ìjọba, kí wọ́n pe àwọn àgbà yìí wá kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Ọmọ Sábẹ kan