Òrùka àlùbọ́sà inú air fryer: ẹ má fún wa ní ìlànà ìkòkò òróró mọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tó mú wa kọ̀wé sí yín ni irú ìlànà tí a máa ń rí kà lórí bí a ṣe ń fi air fryer ṣe òrùka àlùbọ́sà. Púpọ̀ nínú wọn, ìkòkò òróró gbígbóná ni wọ́n kọ ọ́ fún tẹ́lẹ̀; òróró ni wọ́n yọ kúrò, tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀rọ dípò rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e yóò po fùláwà mọ́ omi, yóò ri àlùbọ́sà sínú rẹ̀, yóò tò ó sínú agbọ̀n ẹ̀rọ. Ìgbà tó bá máa fi ṣí i, fùláwà ti kán sí ìsàlẹ̀, àlùbọ́sà sì wà níhòòhò lókè. Onítọ̀hún á wá rò pé òun ni kò mọ oúnjẹ sè, bẹ́ẹ̀ ìlànà ni kò bá ẹ̀rọ mu.

Air fryer kì í dín nǹkan bí a ṣe mọ dídín. Ààrò kékeré ni, tí fáànù inú rẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná yí oúnjẹ ká. Òróró tó gbóná dé 180°C kì í jẹ́ kí fùláwà pípò ráyè ṣàn. Bí ó bá ti bọ́ sínú rẹ̀ ló ti ń gan, torí pé òróró kan gbogbo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ kò lè yára tó bẹ́ẹ̀. Kí ó tó mú fùláwà olómi gan, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á ti gba ojú ihò agbọ̀n jò lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé èérún búrẹ́dì gbígbẹ ló gbọ́dọ̀ wà lóde ara àlùbọ́sà.

Ẹ mú àlùbọ́sà ńlá méjì tó le dáadáa. Ẹ gé e ní òbìrípo, kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ á yọ́ dànù, á ku èèpo èérún búrẹ́dì tó bò ó lásán. Èyí tó bá nípọn jù, ìta rẹ̀ á ti pọ́n kí inú rẹ̀ tó rọ̀. Ẹ tú àwọn òrùka náà sọ́tọ̀, kí ẹ rẹ wọ́n sínú omi tútù fún ogún ìṣẹ́jú kí títa rẹ̀ lè dínkù.

Nǹkan kan wà tí a kì í sábà rí nínú ìlànà: awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú ikùn òrùka kọ̀ọ̀kan, ó mọ́ gaara bíi náílọ́ọ̀nù. Ẹ fi èékánná ká a kúrò. Awọ yìí ń yọ̀, nǹkan kan kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Òun náà ló máa ń fà á tí ẹni tó bu òrùka jẹ yóò fi fa gbogbo àlùbọ́sà yọ lẹ́ẹ̀kan, tí èèpo á ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ awọ yìí gba sùúrù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ mímọ́ nu òrùka gbẹ. Omi ló pọ̀ jù nínú àlùbọ́sà fúnra rẹ̀, kò yẹ kí a tún fi omi ìta kún un.

Abọ́ mẹ́ta la ó lò. Nínú èkíní, ẹ po fùláwà gíráàmù 100 mọ́ sítáàṣì àgbàdo ṣíbí ìjẹun méjì, iyọ̀ ṣíbí ìpotíì kan àti ìdajì ṣíbí ìpotíì ata gbígbẹ lílọ̀. Sítáàṣì yẹn ṣe pàtàkì: kì í fà bíi fùláwà, ó ń jẹ́ kí ara oúnjẹ gbẹ kó sì ró. Nínú abọ́ kejì, ẹ lu ẹyin méjì mọ́ mílíìkì mìlílítà 60 àti fùláwà ṣíbí ìjẹun méjì, kí ó lè ki díẹ̀. Abọ́ kẹta ni ti èérún búrẹ́dì, gíráàmù 150, èyí tó rí gbàǹgbà-gbàngba, kì í ṣe èyí tó kúnná bí iyẹ̀pẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yan èérún yìí kí ó tó kan àlùbọ́sà. Ẹ da òróró ṣíbí ìjẹun méjì sí i nínú páànù, kí ẹ máa rò ó lórí iná kékeré títí yóò fi pọ́n bíi oyin, bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún. Bí èérún bá wọ inú ẹ̀rọ ní funfun, àkókò tó máa fi pọ́n gùn ju èyí tí àlùbọ́sà nílò lọ. Ẹ ó wá yan ọ̀kan nínú méjì: èérún ràndánràndán tí kò pọ́n, tàbí àlùbọ́sà tó ti di omi. Bí ẹ bá ti yan án tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ kò ní iṣẹ́ ju kó mú un gan kó sì mú àlùbọ́sà rọ̀.

Ẹ fi ọwọ́ kan yí òrùka nínú fùláwà, kí ẹ gbọn èyí tó pọ̀ jù dànù. Ẹ fi ọwọ́ kejì rì í sínú ẹyin, kí ẹ jẹ́ kó jò. Kí ẹ wá fi ọwọ́ àkọ́kọ́ da èérún lé e, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bí ọwọ́ kan náà bá ń ṣe méjèèjì, ìka ni èérún máa bò kì í ṣe àlùbọ́sà. Ẹ tò wọ́n sórí àwo, kí ẹ gbé e sínú fírísà fún ogún ìṣẹ́jú kí èèpo lè di ara mú.

Ẹ tan ẹ̀rọ sí 190°C fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣáájú. Ìpele kan ṣoṣo ni kí ẹ tò sínú agbọ̀n. Òrùka kékeré lè wà nínú ńlá bí wọn kò bá fara kanra. Ibi tí wọ́n bá ti gorí ara wọn, ooru omi á há síbẹ̀, á sì rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ta òróró díẹ̀ sí ibi tí fùláwà bá ti hàn ní funfun. Ẹ má lo òróró inú agolo tí gáàsì ń tú jáde, ó máa ń ba ojú agbọ̀n jẹ́. Ẹ má sì tẹ́ bébà sínú ẹ̀rọ láìsí oúnjẹ lórí rẹ̀: fáànù lè gbé e lọ bá wáyà gbígbóná kó sì jó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ yí wọn padà, kí ẹ tún fún wọn ní mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹ̀rọ kì í gbóná bákan náà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi òrùka kan ṣoṣo dán an wò.

Orí wáyà ni kí ẹ kó o sí, ẹ má kó o jọ gègèrè sínú abọ́. Ẹ wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i nígbà tó ṣì gbóná.

Ní ti ọbẹ̀ tí a ó máa ti òrùka náà bọ̀ jẹ: mayonnaise mìlílítà 120, ketchup ṣíbí ìjẹun kan, mustard ṣíbí ìpotíì kan, aáyù ẹyọ kan tí a rin, omi lẹ́mọ́ọ̀nù ṣíbí ìpotíì méjì, ṣúgà díẹ̀ tí ìka méjì lè mú, àti ata gbígbẹ lílọ̀ láti ìdajì ṣíbí ìpotíì sí odindi. Ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ fi í sí fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó tọ́ ọ wò bóyá ẹ ó tún fi ata mìíràn kún un. Ọ̀rá ni ata gbígbẹ ń tú títa rẹ̀ sí, kì í sì yára. Ọbẹ̀ tí kò ta rárá nígbà tí ẹ pò ó lè máa jó ni lẹ́nu lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Bí ó bá ta jù, omi kò lè gbà á sílẹ̀, mayonnaise ni kí ẹ fi kún un.

Èyí tó bá kù, 180°C fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin máa jí i. Ẹ má gbé e sínú máíkíróweéfù.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Nígbàkígbà tí ẹ bá tún tẹ ìlànà irú oúnjẹ báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sókè pátápátá bóyá inú òróró ni tàbí inú air fryer, kí ẹ sì kọ bí àlùbọ́sà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó àti bí ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó.

Àwa ni tiyín,
Àwọn alásè tó ń ka ìwé ìròyìn yín